Àwọn Tó Gbé Ẹja Lọ Sétí Omi

Ẹ wo ayé! Èèyàn tó ń lọ sódò, ṣé omi ló yẹ kó rù lọ? Àwọn ọ̀làjú Adó Èkìtì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja ni wọ́n ń gbé lọ sétí omi. Ẹja inú yìnyín tí wọ́n rà ní àdúgbò Adébáyọ̀, tí wọ́n kó sínú kúlà, ni wọ́n ń làágùn gbé gun òkè lọ síbi adágún tó wà láàárín àwọn àpáta lẹ́yìn ìlú Ìjàn, níbi tí epìyà ti ń fò lójú wọn. Sìmíátù á wo kúlà, á wo omi, á pòṣé. "Òpònú," ni yóò wí, á sì máa fẹ́ iná rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjàn ni Sìmíátù. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń yan ẹja lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó ní ibòji létí adágún náà. Nọ́fíù ọkọ rẹ̀ ló ń pẹja níbẹ̀ kó tó kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Nafeesah. Èéfín ẹja ló sọ ojú Sìmíátù di pípọ́n bẹ́ẹ̀. Èéfín yẹn náà ló rán Nafeesah dé yunifásítì ní Adó, ó ti wọ ọdún kẹta. Bí ẹ bá bi Sìmíátù léèrè ohun tó ń wá láyé, kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọmọ yìí wá kí òun níṣojú àwọn ọ̀làjú wọ̀nyí, kí wọ́n mọ̀ pé òun ló bí i.

Àwọn ọ̀làjú ọ̀hún, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ya dé. Wọ́n á wọ ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, wọ́n á wá jókòó sórí àpáta gbígbẹ. Kí ló fẹ́ rì wọ́n níbẹ̀? Wọ́n á rìn yípo adágún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn ò wá ewúrẹ́, wọn ò já ewé, wọ́n ní àwọn ń dín ikùn kù. Ẹni tó bá roko, ikùn wo ló fẹ́ dín?

"Ìyá Nafeesah, ẹ rọra o," ni Ilésanmí máa ń wí, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé wọn ṣeré lójú omi. "Ara wọn la ti ń jẹ."

"Pé mò ń jẹ lára wọn kò ní kí ojú mi fọ́."

Ní Sátidé kan lẹ́yìn Iléyá, ẹgbẹ́ kan dé, nǹkan bí èèyàn mẹ́wàá. Adéolúwa lorúkọ ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó so fèrè mọ́rùn. Oòrùn ti mú. Sìmíátù ṣàánú wọn, ó ní, "Ẹ jókòó sábẹ́ ugi yẹn."

"Ugi!" Adéolúwa fi ariwo bọnu. "Ẹ gbọ́ o! Màmá ní ugi!"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí o! Ọmọ Èkìtì ló ń fi ugi ṣe yẹ̀yẹ́! Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ kò pe ilé rẹ̀ ní nǹkan mìíràn ju ulé lọ títí ó fi wọ kòtò.

Sìmíátù gbójú sókè láti fún un lésì tó máa tó o. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ẹni tó rí lẹ́yìn Adéolúwa, tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, Nafeesah ni.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ẹ má bi mí pé báwo, ìyá ni. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ń retí kí ọmọ náà kúnlẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Nafeesah. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Adéolúwa.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí, lóòró, bí ẹni ń kí agbèrò ní gáréèjì.

"Àbí o mọ màmá yìí ni?" Adéolúwa bi í.

"Rárá o. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ wọ́n?"

Ilésanmí, tó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ta gìrì. "Há! Ìwọ Na..." Sìmíátù wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ìyókù mì.

Ta ló ti ń fi àwọn èèyàn yìí ṣẹ̀sín láti ọdún mọ́kànlá, tó tún ń yan ẹja lójoojúmọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè di ọ̀kan nínú wọn? Òun Sìmíátù náà ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i ni, ó sì dùn ún wọ egungun.

Ẹja inú kúlà wọn ṣì le bí òkúta, ni gbogbo wọn bá ya bo ẹja Sìmíátù. Adéolúwa ń pọ́n ìka lá, ẹnu rẹ̀ ti rọ̀.

"Màmá, ọwọ́ yín dùn o! Ọmọ mélòó lẹ bí? Kí ló dé tí wọn ò wá ràn yín lọ́wọ́?"

Nafeesah gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí," Sìmíátù dá a lóhùn, Yorùbá rẹ̀ já gaara, bí èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn lórí rédíò. "Ó wà ní yunifásítì ní Adó. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í rí àgbà kó dúró gbọnrangandan. Ká ní ó bá yín wá ni, ẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n."

Ó mú ẹja àrọ̀ tó tóbi jù lọ lórí iná, ó fi ewé dì í, ó nà án sí Nafeesah.

"Gbà, ọmọ ọlọ́mọ. Jẹ ẹ́ kó tó tutù."