Àtẹ̀gùn Mẹ́ta ní Kabusa

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń yàwòrán ibi tí aráàlú ń péjọ sí ní Àbújá: ọgbà ìgbafẹ́, ibùdókọ̀, gbàgede. Bí ẹ bá ní kí n mú yín lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ kan náà ni màá fi dìde. Èyí tó wà ní Kabusa ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ bi mí, ó ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú wí i.

Ọwọ́ bàbá kan tó jẹ́ sọ̀fíọ̀, ìyẹn àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń bá ará àdúgbò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bàbá Ṣóbándé la máa ń pè é ní ọ́fíìsì wa ní Garki. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ká pépà ńlá sábẹ́ abíyá, tí mò ń lọ sípàdé àdúgbò, ó dá mi dúró.

"Ta lo fẹ́ fi ìyẹn hàn?"

"Àwọn ará àdúgbò ni, sà."

"Ẹni tí kò ka irú pépà yìí rí, orí ni yóò kàn máa mì fún ẹ. Lọ ra ẹfun. Fa iṣẹ́ náà sílẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn ín."

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà náà. Màá fi ẹfun lílọ̀ fa ìlà sílẹ̀, màá kó búlọ́ọ̀kù jọ, màá ní kí oníkálukú gbé tirẹ̀ síbi tó bá wù ú láti jókòó. Ẹ ó rí nǹkan! Àwọn tí kì í lanu nípàdé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé búlọ́ọ̀kù.

Ọjọ́ Sátidé la ṣe ti gbàgede Kabusa. Àwọn ọkùnrin to tiwọn sẹ́bàá títì kí wọ́n lè máa wo ọkọ̀. Àwọn obìnrin to tiwọn jìnnà sí wọn, wọ́n ní ariwo bọ́ọ̀lù tó wà nílé ti tó àwọn. Bàbá kan kígbe mọ́ mi pé, "Kai, madam! Ibi tí ẹ fẹfun sí yẹn, ibẹ̀ lomi ń gbà tójò bá rọ̀ o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, mo sì fi bàtà pa ìlà náà rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ìyá Mufú. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì, ó wá gbé ẹ̀kẹta dúró lẹ́yìn wọn.

"Ìyá, ta ló máa jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá wa nílé ni. Rọpárọsẹ̀ mú un. Ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan fẹ̀yìn tì ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣubú."

Bíríkìlà lọkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ìgbà tí ara ṣì le, ó wà lára àwọn tó to búlọ́ọ̀kù ọ̀pọ̀ ilé tó wà káàkiri ìlú yìí. Láti ìgbà tí àìsàn ti gbé e ṣánlẹ̀, inú yàrá kan ló wà, ògiri ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Tí wọ́n bá dì í mú, ó lè rìn níbi tó bá tẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé sókè mọ́, ńṣe ló ń wọ́ ọ nílẹ̀.

"Ilẹ̀ tó tẹ́jú la fẹ́, ọmọ mi," ni Ìyá Mufú wí. "Tó bá ti lè wọ́ra rẹ̀ débí, á rójú èèyàn. Ojú èèyàn gan-an ló ń wá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ibí yìí ni Bàbá máa jókòó sí." Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi sọ ọ́.

Mo ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí wọ́n ṣe tò ó, mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Bàbá Ṣóbándé ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Ọ̀gá yí àwòrán náà síwá sẹ́yìn.

"Rónkẹ́, iṣẹ́ yìí dáa, àmọ́ ó jọ àgbàlá ilé ẹnì kan. Àwọn èèyàn ńlá ló ń bọ̀ wá ṣí i o. Kò sí nǹkan kan tó yọ níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ o, ọ̀gá ò dárúkọ àtẹ̀gùn. Èmi ni. Wọ́n fẹ́ yan olórí ẹ̀ka ayàwòrán lọ́dún náà, ipò ọ̀hún sì ń wọ̀ mí lójú. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè. Ká fi àtẹ̀gùn mẹ́ta yí i po." Ó lu tábìlì, ó ní, "Ìyẹn ni mò ń sọ!" Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Mo rántí Bàbá, ọkọ Ìyá Mufú. Mo ya ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sẹ́yìn, tí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn lè gbà wọlé, mo sì fi ìyẹn tu ara mi nínú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣí gbàgede, agbaṣẹ́ṣe pè mí lórí fóònù. Ó ní gọ́tà gba ibẹ̀ kọjá, pé tí òun bá ní kí òun ṣe ọ̀nà yẹn, iṣẹ́ ò ní parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Inú tásíì ni mo wà ní Area 1, èmi àti dírẹ́bà ń fa ọ̀rọ̀ lórí ibi tó máa já mi sí. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. A máa ṣe é tó bá yá." Mo padà sórí ìjà mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò tiẹ̀ lọ wo ibẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti pé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, mo ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá. Mi ò wá Ìyá Mufú kiri. Ká sọ òótọ́, mò ń sá fún un ni. Wọ́n fún mi nípò. Oṣù ń gorí oṣù, "tó bá yá" mi ò sì yá.

Iṣẹ́ mìíràn ló gbé mi gba Kabusa kọjá níkẹyìn. Gbàgede náà ṣófo. Àwọn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ jókòó sí òdìkejì títì, lórí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà, Ìyá Mufú sì wà láàárín wọn. Ó dìde, ó ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ì bá sàn kó bú mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ti lọ, ọmọ mi. Ó ti lé lóṣù méjì."

"Háà! Ìyá, ẹ kú àràfẹ́rakù." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ gọ́tà, mò ń ro ti ọjọ́ tí wọ́n dá, títí ojú fi tì mí. Àfọwọ́fà ni, èmi náà mọ̀.

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí i, mo kọ́kọ́ dá wá wò ó. Mo rí àtẹ̀gùn, mo padà sílé. Bàbá ti wọ bùbá, ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, 'Ṣé wọ́n ti parí ẹ̀?' Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ó ku díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ló ń bi mí, àràárọ̀ ni mò ń sọ pé ó ku díẹ̀."

Ó fà mí dìde.

"Kó tó kú," ló wí, "ó ní kí n má bínú sí yín o. Ó ní bó ṣe pẹ́ tó yìí, ó ní láti jẹ́ pé ẹ ń ṣe é dáadáa ni."