Ilé Eré Tí A Kọ́kọ́ Fi Eérú Yà

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Àwa mẹ́fà la dúró sórí pápá tó wà lẹ́yìn abúlé wa, lọ́nà ìlú Idigny: baálẹ̀ wa, Alájì oníṣòwò tó fi ilẹ̀ náà tọrẹ, agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún wa, ayàwòrán-ilé tó ti Kútọnù wá, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, àti Ìyá àgbà, olórí àwọn obìnrin tó ń gbe orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyá nìkan ni a kò pè.

Ọ̀rọ̀ ilé eré ló kó wa jọ. Ó pẹ́ tí a ti ń fẹ́ ibi tí òjò kò ti ní tú eré wa ká, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò ti máa kọ́ ijó àti orin, tí àlejò yóò sì ti rí ibi jókòó. Ọ́fíìsì mẹ́rì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ti gbà láti bá wa kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìwé àwòrán tí gbogbo wa fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ajé.

A ti ṣe ìpàdé mẹ́rin, obìnrin kankan kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ní abúlé wa, ọkùnrin kì í gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tọ Ìyá àgbà lọ ní tààrà. Obìnrin ilé kan ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún wa. Ohun tí àwọn ọkùnrin bá sọ, òun ni yóò gbé e lọ, tí yóò sì gbé èsì padà wá. Ìyàwó mi ló ń ṣe é. Ọdún kẹrin nìyí tó ti papò dà, a kò sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ní ìpàdé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, olúkúlùkù rò pé ẹnì kan ti rán obìnrin kan. Ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù, nítorí ọwọ́ mi ni kálámù wà, kò sì sí ẹni tó mọ àyè rẹ̀ tó ṣófo bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìyá gbọ́ ọ lọ́jà. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá.

A dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ dìde. Mo gbọ́ pé ẹ ń fa ìyàwó fún ọkọ, ẹ ò sì sọ fún ìyá ọmọ.”

Baálẹ̀ ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Àṣìṣe ni.”

“Àṣìṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin?”

Agbẹ́gilére fi ọwọ́ bo ẹnu. Ayàwòrán-ilé yára tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí alùpùpù rẹ̀ kí Ìyá lè wò ó. Ìyá wò ó díẹ̀, ó sì mi orí.

“Ìwé yìí kò lẹ́sẹ̀,” ló wí. “Èmi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ ilé.”

Mo lọ bu eérú kún agbọ̀n kan níbi ìdáná tó wà nítòsí. Ayàwòrán-ilé ń nawọ́ sí nọ́ńbà lórí ìwé, èmi ń kà á, mo ń na okùn, agbẹ́gilére ń wọ́n eérú tẹ̀ lé mi. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé náà hàn lórí ilẹ̀: ògiri rèé, ìtàgé rèé, ẹnu ọ̀nà rèé, ibi tí a ó to àga sí rèé. Inú mi dùn pé mo lè ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti lò láyé kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ìyàwó mi ló tì mí lọ sí kíláàsì àgbà. Ó ní, “Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀, ó yẹ kí o lè kọ ọ́, ká fi mọ̀ pé o wà nílé.”

Ìyá gba ẹnu ọ̀nà eérú wọlé. Ó rìn títí dé iwájú ìtàgé, ó dúró.

“Àwa obìnrin ńkọ́? Níbo la ó wà?”

Mo nawọ́ sí ìlà àga.

“Ẹ̀yìn ta ni a ó máa wò?”

Nígbà náà ni Ìyá wá sọ̀rọ̀ gan-an. Ó ní òkèèrè ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń bọ̀. À ń rí i láti ìdí ọ̀pẹ yẹn, à ń fi orin pàdé rẹ̀, àyà gbogbo wa ń já. “Ẹ wá ní kó máa gba ẹ̀yìn ilé yọ bí ẹni tó lọ jí ẹran nínú ìkòkò?” Ó ní ìtàgé sìmẹ́ńtì yóò ba orúnkún ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ṣaworo irin ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dún bí abọ́ tó já lulẹ̀. Erùpẹ̀ ló ń gba ẹsẹ̀. Ó ní agbo ni àwọn obìnrin fi ń ká a mọ́, kí ẹni tó wà lápá ọ̀tún lè máa rí ẹnu ẹni tó wà lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ni orin ṣe ń ṣọ̀kan. “Bí ẹ bá tò wá bí ọmọ ilé-ìwé, a ò ní kọrin níbẹ̀. Ẹ lè fi kó àgbàdo sí.”

Ó kọjú sí mi. “Sọ fún un.”

Ayàwòrán-ilé kò gbọ́ èdè wa. Fọ̀n àti Faransé ló gbọ́. Mo fi Faransé sọ fún un pé Ìyá ní kò dára báyìí.

Ọkùnrin náà dúró, ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

Agbẹ́gilére bú sẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé! Ìyá sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ ń ro wá, ẹ ti sọ ọ́ tán kí eṣinṣin tó bà!”

Alájì ní, “Fi í sílẹ̀. Bó ṣe ń kí èèyàn náà nìyẹn.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Aya rẹ kì í gé ọ̀rọ̀ mi kù. Bí mo bá wúkọ́ sí i, ó máa ń gbé ikọ́ náà dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn náà mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Faransé kíláàsì àgbà kò gbé gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán, mo fi ara sọ ọ́. Mo lọ sí ìdí ọ̀pẹ, mo sáré wá sí àárín pápá, èmi ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Mo tẹ ẹsẹ̀ lórí òkúta, mo tún tẹ̀ ẹ́ lórí erùpẹ̀, mo ní kó gbọ́ ìyàtọ̀. Mo mú baálẹ̀ àti Alájì lọ́wọ́, mo fi wọ́n ṣe agbo. N kò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú ìyàwó mi.

Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán-ilé yẹn. Ó lè bínú, nítorí ó ti pẹ́ lórí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa ìlà ìtàgé rẹ́. Ó ní kí n bi Ìyá léèrè iye obìnrin tó ń dúró sí agbo.

“Bí ara gbogbo wa bá le, ogójì.”

Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín, ó so okùn mọ́ ọn, ó ń fi rìn yípo. Agbo erùpẹ̀ ni yóò wà láàárín, ìhà ìdí ọ̀pẹ yóò ṣí sílẹ̀, òrùlé àti àga yóò wà lẹ́yìn àwọn obìnrin. Nígbà tó yí dé ìhà ìlà-oòrùn, ó dúró. Okùn ti wọ inú oko ẹ̀gẹ́.

Oko mi ni. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ṣán an. Ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ, òun sì ni mo gbójú lé fún gàrí ọdún tó ń bọ̀. Ní ìhà kejì, ọ̀nà ni. Ilé kò ṣeé sún síbẹ̀.

Alájì rọra ní, “Ìyá, bí a bá dín agbo náà kù ńkọ́? Kí ogún dúró, kí ogún jókòó?”

Ìyá kò wo oko, kò sì wò mí. Mo mọ̀ pé kò ní bẹ̀ mí.

Mo ní, “Ẹ na okùn náà dópin.”

Baálẹ̀ ní, “Akọ̀wé, ṣé o rò ó dáadáa?”

“Mo rò ó, bàbá.”

“Ó tún ti gé e kúrú!” ni agbẹ́gilére wí.

Ìgbà náà ni Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ó pé.”

Lórí àwòrán tuntun tí ayàwòrán-ilé yà kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá ló kọ́kọ́ tẹ àtàǹpàkò kí baálẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ ní kíkún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, mo mú àdá àti ọkọ́ lọ sí oko. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀gẹ́ tu, ó kéré, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Obìnrin méjì nínú àwọn elégbè orin Ìyá ń kọjá lọ sódò. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n sọ korobá kalẹ̀, wọ́n sì bá mi fà á. Ebè tó kẹ́yìn, àárín rẹ̀ gan-an ni ìlà eérú gbà kọjá. Mo tu gbogbo rẹ̀, mo sì fi ọkọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.