Ọmọ Tí Kò Sunkún ní Jabi

Ohun tó kọ́kọ́ fu mí lára ni pé ọmọ náà ò sunkún. Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá jáde lọ sá aṣọ lásán, igbe rẹ̀ á gba gbogbo ilé tí ìjọba fún wa ní Garki, òun ló dé Jabi tó dákẹ́. Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé èmi lè fura sí ojú ọjọ́. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo mọ ọmọ mi.

Oyún tuntun ló fà á. Àkọ́bí mi obìnrin ti ń lọ sí nọ́sìrì nígbà náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún kan, kò sì fẹ́ fi ọmú sílẹ̀. Mo fi omi ewúro ra ọmú. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ún, ó sì ń mu ún lọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òun ló ní ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn ní Ọ̀ṣun: ká gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí fún ìgbà díẹ̀, kó má fojú kan ìyá rẹ̀ títí yóò fi gbàgbé ọmú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló ń gbé ní Jabi, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ abúlé àwọn Gbàgyí àti yàrá díẹ̀ fún àwọn tó wá kọ́ ìlú tuntun. Ọkọ wọn ń wa típà, kì í sábà sí nílé. Wọn ò bímọ rí. Mo sọ èyí nítorí pé òun ló wà lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí, ó lè di ọmọ ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa pe ìyẹn ní olè jíjà. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, pé wọ́n á gba ọmọ mi, wọ́n á sì ní kí n dúpẹ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n má yọjú. Ọkọ mi ló máa ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé ọmọbìnrin wa lọ wò ó. Bí wọ́n bá ti dé, màá bi í pé, "Ṣé ó ń sunkún?"

"Rárá," ni yóò wí. "Ó ń jẹun, ó ń sùn. Ọkàn tìẹ ni kò balẹ̀."

Wọ́n gba ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, kò sì sunkún? Ohun kan wà tí wọ́n ń fún un. Mo rò ó sí oògùn ikọ́ tó máa ń múni sùn. Mo rò ó sí àgbo. Ọkọ mi wá wí lọ́jọ́ kan, ó ń bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, pé, "Kí ló burú nínú kó dúró lọ́dọ̀ wọn títí o máa fi bímọ?" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn. Mo gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ló wá parí rẹ̀. Mò ń di irun fún un lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Mọ́mì, Àǹtí máa ń ti ilẹ̀kùn tí bébì bá fẹ́ sùn. Wọ́n á ní kí n lọ ṣeré níta."

"Kí ni wọ́n máa ń ṣe nínú ilé?"

"Mi ò mọ̀. Bébì á kàn dákẹ́."

Apá kan orí rẹ̀ ni mo dì lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ mi ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, mo mú àpò tí mo máa kó aṣọ ọmọ sí, mo wọ ọkọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀sán gangan ni mo dé, àsìkò tó máa ń sùn. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́. Obìnrin Gbàgyí tó ń to igi ìdáná níwájú ilé kí mi pé, "Sànnu." Mo juwọ́ sí i, kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn mi nínú ilé.

Ìkòkò kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Kwali, wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lójú. Àgbo náà nìyí, mo wí nínú ara mi. Mo ṣí i, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo lá a. Omi tútù lásán ni. Ó dùn mí pé omi ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn láìkàn án.

Àǹtí jókòó sórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ mi wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọmú wọn wà lẹ́nu rẹ̀. Oorun ti ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń fà díẹ̀díẹ̀, ó sì di etí ìró wọn mú, bó ṣe máa ń di tèmi mú.

Wọn ò sáré bo àyà. "Ìyàwó, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí ohùn ẹ̀ fi há. Mo ní kí n fi tàn án. Ó fà á, kò rí nǹkan kan. Kò sì torí ẹ̀ kọ̀ mí."

Inú bí mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú ló kọ́kọ́ ṣe mí. Ọmọ tí mo gbé wá kí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ọmú mìíràn ni wọ́n tún gbé fún un. Mo sì ń jowú ọmú tí kò sómi nínú rẹ̀, èmi tí tèmi kún tó ń ro mí lábẹ́ búláòsì.

"Ta ni yóò wá já a lẹ́nu tiyín báyìí?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n wo ọmọ náà títí. "Ìwọ náà ni. Èmi ò ní lè ṣe é. Gbé e lọ báyìí, kó tó jí."

Wọ́n fi ọmọńdinrín yọ ọmú lẹ́nu rẹ̀, bí abiyamọ ṣe ń ṣe é gan-an, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò mi. Wọn ò bi mí pé kí ni mo mú àpò wá ṣe.

A ò tíì dé títì tó fi jí. Ó wo ojú mi dáadáa, ó dá mi mọ̀, ó sì figbe ta. Ẹkún tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé, gbogbo rẹ̀ ló sun lórí èjìká mi títí a fi dé Garki, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà Jabi.