Ìwé orin Jámánì tí ìyá àgbà gbé lé mi lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹkún ni mo sun délé láàárọ̀ yìí.

Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ní ìlú Largo nílẹ̀ òyìnbó níbí, mo rí i pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran àtijọ́ kan tí mo máa ń kọjá ṣí sílẹ̀. Mo wọlé. Ìyá àgbà òyìnbó kan ló dá wà níbẹ̀, tó ń nu àga. Ó fi àwokòtò òkúta tí wọ́n fi omi inú rẹ̀ sàmì fún un ní kékeré hàn mí. Ó ní àwọn àgbẹ̀ tó wá láti Jámánì ló kọ́ ilé náà. Ó wá gbé ìwé orin kan lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí mi létí."

"Mi ò lè kà á. Èdè Jámánì ni. Ìyá mi máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá a lóhùn."

Lánàá ni mo fi Yorùbá bi ọmọ mi obìnrin pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní, "Mommy, English please."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ níbí, ta ló ń dá yín lóhùn ní Yorùbá nílé?