Bàtà Tí Mo Tọ́jú De Ọjọ́ Eré

Títí dòní, bí mo bá rí bàtà kánfáàsì funfun nínú ìsọ̀, ojú á tì mí, màá yára wo ibòmíràn.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, kò sí iléeṣẹ́ tí kò fẹ́ ní ẹgbẹ́ eléré ìdárayá. Tiwa, níbi tí a ti ń hun aṣọ, fẹ́ mú àwọn tí yóò lọ sáré fún un ní Kàdúná. Eré ọ̀nà jíjìn, láti Ìkọ̀tún dé Dopemu, ni wọn yóò fi mú wa: ẹni mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò lọ. Mo fẹ́ lọ tọkàntara. Bàbá mi, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, ti sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ bí ẹni pé mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mò ń sáré, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ti lu. Àwọn àgbà tó ń lọ sóko á ní, "A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán o, kí ló ń lé ọ?" Màá dúró, màá dọ̀bálẹ̀, kí n tó tún máa sáré lọ.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ fún wa ní bàtà eré tuntun, kánfáàsì funfun láti òkè òkun. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa kìlọ̀ pé, "Ẹ máa wọ̀ ọ́ sáré o, kí ó lè mọ́ ẹsẹ̀ yín lára." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo délé, mo fi bébà wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí níbi tí aṣọ Iléyá mi wà. Ta ló ń wọ nǹkan ọdún kí ọdún tó pé? Mo tiẹ̀ ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fi tiwọn tẹ ẹrẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀bùn ni wọ́n lójú mi.

Lọ́jọ́ eré, èmi ni mo mọ́ jù. Kí n tó kọjá Ìdímù, bàtà ti ń bó mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo fi dé Ẹgbẹ́dá, funfun ti di pupa ní gìgísẹ̀. Àwọn ọ̀bùn ti fi mí sílẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn ará àdúgbò tò sí, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi jáde láàárín èrò, ó kúnlẹ̀ síwájú mi lójú títì, ó ń tú okùn bàtà. Kí bàbá kúnlẹ̀ fún ọmọ! Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá." Ó ń tú okùn lọ. Obìnrin kan ń bèèrè pé irú èèyàn wo ló ń fi bàtà tuntun tí kò wọ̀ rí sáré ọ̀nà jíjìn, ṣé n kò ní ẹni tí yóò kọ́ mi ni.

Bàbá mi gbójú sókè. "Ó ní ẹni tó kọ́ ọ, jàre. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí nǹkan tuntun máa dúró dọdún."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.