Ìró Tí Mo Pè Ní Ariwo

Ó ti rẹ̀ mí, kí n sọ òótọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa lọ sí ọ́fíìsì nítorí àpótí kan ṣoṣo. Módẹ́mù ni, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn èèyàn di ohun tí sátẹ́láìtì lè gbé láti abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Ti òyìnbó kún ọjà fọ́fọ́. Àwa la ní a máa ṣe tiwa. Ta ló rán wa níṣẹ́?

Èmi ni mo kọ òfin inú rẹ̀. Dátà orí sátẹ́láìtì wọ́n bí ojú, mo bá pàṣẹ pé ìró yòówù tí kò bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo ni, kó dà á nù. Bí a bá ń dán an wò, a máa ń ka ení, èjì dé ogún sínú rẹ̀ láìmí, ó sì ń gbé e dáadáa.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa obìnrin ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ náà bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Abaji. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, iṣẹ́ ń bá a lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ra ti òyìnbó, wọn á sì tú wa ká. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọmọ Èkìtì tó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, ló gbé àpótí náà àti díìṣì, àwo tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, lọ sí Abaji. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí i kó ṣiṣẹ́ káwọn tó lọ ilé.

Ọ̀gá gbé fóònù. Yorùbá làwọn náà. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n tó wà ní Abaji kíra dáadáa, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Bí wọ́n bá sọ gbólóhùn kan, wọn á dúró díẹ̀, bí gbogbo wa ti ń ṣe, kí ẹni tó ń gbọ́ lè fọhùn. Kò sí ohùn. Wọ́n béèrè pé ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Kò sí ohùn. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ Yorùbá kì í já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Hẹn mà" ló máa ń ṣe, "hẹn mà" ò sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan; òfin mi ti dà á nù. Inú bí mi sí ara mi gidigidi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan péré. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti rí i, wọ́n sì buwọ́ lu ìwé àtira ti òyìnbó lójú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n dé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ní ketekete làwọn ń gbọ́ ọ̀gá, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn pátá làwọn sì ń hẹn sí. Wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ bàtà.

"Ṣé inú ọ̀gá dùn?"

Mo jókòó tì wọ́n.

"Wọn ò gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gbọ́ yín."