Ilé Ìdáná Tí Tíṣà Eléwé Pín Sí Méjì

Ọjọ́ tí Tíṣà Eléwé mọ ògiri sí àárín ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, gbogbo àdúgbò ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni olóògbé náà fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa ewé, kò sì sí ìṣòro kan láyé yìí, títí kan ti lọ́kọláya, tí ewé kò lè yanjú lójú tirẹ̀.

Àlàyé rẹ̀ ni pé gbogbo ewé ló ń se oúnjẹ: oòrùn ni iná wọn, omi àti afẹ́fẹ́ ni èlò wọn. Àmọ́ alásè tí kò fara balẹ̀ ni ewé ẹ̀wà. Bí ooru bá mú, a máa ki afẹ́fẹ́ tí kò yẹ bọ ìkòkò. Àwọn baba ńlá àgbàdo ló gbọ́n. Nígbà tí ooru àti ọ̀dá jẹ́ kí ojú wọn rí màbo, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n pín ilé ìdáná sí méjì: yàrá ìta ń ṣa afẹ́fẹ́ tó yẹ, ó ń nà án sí yàrá inú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é.

Ni Tíṣà náà bá mọ ògiri. Ó dí fèrèsé pa, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan sílẹ̀, ó sì dá ihò kan sára ògiri. Òun yóò dúró ní yàrá ìta, yóò máa ṣa ata tó dára, yóò máa nà án sí ìyàwó rẹ̀ nínú. Kí ọbẹ̀ tó hó, èéfín ti kún inú, ìyàwó ti sáré jáde, ó ń wúkọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá wọn, àgbàdo yín yẹn, ṣé kì í mí ni?"

Tíṣà mọ̀ pé ihò wẹ́wẹ́ tí ewé fi ń mí wà lára àgbàdo. Òun fúnra rẹ̀ ti yà á sójú pátákó láìmọye ìgbà. Àmọ́ tíṣà kì í tètè gbà pé òun gba òdo. Ó ní kí obìnrin náà ní sùúrù, pé ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni àgbàdo fi kọ́ irú ìdáná bẹ́ẹ̀.

"Kò burú," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ti ń ki aṣọ sápò. "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Tí ọdún náà bá pé, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Ọkùnrin tó mọ bí gbogbo ewé ṣe ń dáná, kò mọ ẹyin sè. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fọwọ́ ara rẹ̀ la fèrèsé méjì, ó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Kò kúkú gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ní àgbàdo náà ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà, ogún ọdún ló fi dúró sídìí ihò yẹn, ata lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ewé lẹ́nu. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ní báyìí, àárò ẹnu rẹ̀ ń sọ wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọmọ mú bíríkìlà wá kó wó ògiri náà. Ìyá wọn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá fẹ́ dáná, òun fúnra rẹ̀ á gbé ata sójú ihò níta, á rìn yí ká, á gba ẹ̀yìn wọlé, á wá na ọwọ́ gbà á.

"Ẹ ṣé, Bàbá wọn," á wí, á sì gbé ìkòkò kaná.